Luyando àti Wáyà Tí Ọ̀gá Fẹ́ Kó Rẹwà

Ẹ má bi mí bóyá Luyando Hachipuka máa ń bínú. Ó máa ń bínú! Ta ni kò ní bínú? Ọdún mẹ́sàn-án ló ti fi ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ọsibítù wa ní Choma, ní orílẹ̀-èdè Zambia, èmi tí mo jẹ́ nọ́ọ̀sì níbẹ̀ sì mọ ohun tí ojú rẹ̀ ti rí.

Gbogbo fọ́tò egungun tí a bá yà, inú àpótí ńlá kan ni a ń kó wọn pamọ́ sí. Ọ̀nà méjì ni Luyando là láti kọ̀ǹpútà débẹ̀. Àpótí kékeré méjì ló wà lójú ọ̀nà: wáyà kan gba inú tòkè, èkejì gba inú tìsàlẹ̀. Bí ọ̀kan bá kú, èkejì á máa ṣiṣẹ́ lọ. Kò ju bẹ́ẹ̀ náà lọ.

Ní oṣù karùn-ún, ìyá ọkọ rẹ̀ kú ní Monze, ó sì lọ jókòó nílé ọ̀fọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin, bí gbogbo wa ti ń ṣe. Àárín ọjọ́ mẹ́rin yẹn náà ni àlejò ń bọ̀ láti Lusaka. Ọ̀gá Simweemba, alábòójútó ọsibítù, wo wáyà, ó ní ó rí wúruwùru. Ló bá fọwọ́ ara rẹ̀ yọ wọ́n, ó dì wọ́n pọ̀, ó ki méjèèjì bọ inú àpótí tòkè. Ó rẹwà, mi ò ní parọ́.

Luyando dé, ó rí i, ó figbe ta.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n dá ọ̀kan padà sísàlẹ̀."

"Ṣé ó ń ṣiṣẹ́ àbí kò ṣiṣẹ́?"

"Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n..."

"Fi í sílẹ̀ jàre! O ò rí i bó ṣe dára ni?"

Ó wá di ọjọ́rú kan. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni dókítà oníṣẹ́ abẹ ń wá láti Livingstone, ọjọ́ náà ló sì bọ́ sí. Bàbá Siamunene, tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, já bọ́ látorí kẹ̀kẹ́ màlúù, egungun itan rẹ̀ sì kán. Ní aago mẹ́jọ a gbé e sórí tábìlì, a ya fọ́tò rẹ̀. Igbe tó ké, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n tún gbọ́ irú ẹ̀ mọ́.

Kò pẹ́, àpótí tòkè kú. Luyando tẹ àṣẹ sójú kọ̀ǹpútà: multipath -ll. Ìlà méjì jáde, "failed" ló wà lára méjèèjì. Ọ̀nà méjèèjì ti kú pátá.

Ọ̀gá sáré wọlé. "Pa á, kí o tún un tàn!"

"Ọ̀gá, ẹ má fọwọ́ kàn án o! Fọ́tò Bàbá ò tíì dénú àpótí. Inú kọ̀ǹpútà ló ti ń dúró kí ọ̀nà là. Tí ẹ bá pa á, ó ti lọ nìyẹn. Ṣé ẹ gbọ́?"

"Mo gbọ́! Ṣé ọmọdé ni mí ni?"

Luyando yíjú sí mi. "Chipego, máa wò ó. Tí ìlà kan bá ti di 'active', ọ̀nà ti là nìyẹn, pariwo." Ó mú ọ̀bẹ, ó sáré lọ sí yàrá wáyà lọ gé ìdì tí Ọ̀gá dì, kó lè ki wáyà kan bọ ìsàlẹ̀.

Mò ń wo ojú kọ̀ǹpútà. N ò tíì mí lẹ́ẹ̀mejì tí gbogbo rẹ̀ fi dúdú. Mo wẹ̀yìn. Ìka Ọ̀gá ṣì wà lórí bọ́tìnnì.

"Mo ní kí n ràn yín lọ́wọ́ ni," ó wí.

Háà! Mo kàn di orí mú. Luyando dé, kò tilẹ̀ bú u. Ó tan kọ̀ǹpútà, ó tún tẹ àṣẹ rẹ̀. Wáyà tó ki bọ ìsàlẹ̀ ti la ọ̀nà. Fọ́tò gbogbo èèyàn wà níbẹ̀ àfi ti Bàbá.

Dókítà ní, "Ẹ tún un yà. Mi ò lè la ẹsẹ̀ tí mi ò rí inú ẹ̀, aago méjìlá ni mo sì ń lọ."

Èèyàn mẹ́rin ló ń gbé irú aláìsàn bẹ́ẹ̀. Dókítà ti lọ múra iṣẹ́ abẹ; èmi, Luyando àti ayafọ́tò, a jẹ́ mẹ́ta.

"Ọ̀gá," Luyando wí, "ẹ bọ́ kóòtù yín. Ẹnì kan ló kù."

Ó bọ́ ọ. Ẹ̀gbẹ́ itan ni a fi í sí. Bàbá ké, ó ké, ó di ọwọ́ tó sún mọ́ ọn jù mú, ọwọ́ Ọ̀gá. Nígbà tí a gbé e sílẹ̀ tán, tí ohùn rẹ̀ padà, kò jọ̀wọ́ ọwọ́ náà.

"O ṣeun, ọmọ mi," ó sọ fún un. "Ìwọ lo ṣàánú mi lónìí."