Ohun Tí Tata Fẹlisí Kọ́ Wa Láàárín Ebè

Mo ṣì kéré, mi ò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ, ní ayé ìjọba ológun tí wọ́n ń pè ní Rẹfolúsíọ̀n, nígbà tí gbogbo ará Tchaourou, ìlú wa, kọ́ bí a ṣe ń wo ènìyàn lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà kò ní gbàgbé. Ní ilé ẹ̀kọ́, a ó na ìkúùkù sókè, a ó kọrin, a ó gbé ọkọ́ lọ sí oko ilé ẹ̀kọ́. Bí àlejò bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin, kó tó mu omi, ẹnìkan ti lọ sọ fún delegé, ẹni tí ìjọba fi ṣe olórí àdúgbò wa. A ó kí àlejò náà ní "kamaradi", bí ìjọba ṣe ní kí gbogbo wa máa pe ara wa, a ó sì yára kọjá.

Tata Fẹlisí, àbúrò ìyá mi, ń dín dùǹdú ní ibùdókọ̀ ojú irin. Òórùn epo kì í kúrò lára aṣọ rẹ̀. Ọkùnrin kan ti fẹ́ fà á wọ igbó rí lójú ọ̀nà Goro, ó sì já ara rẹ̀ gbà. Láti ọjọ́ náà ló ti ń kó àwa ọmọbìnrin mẹ́rin jọ ní ọ̀sán Sátidé, lẹ́yìn tí a bá ti fọ abọ́ tán, sí oko iṣu bàbá àgbà, láàárín ebè, níbi tí ilẹ̀ ti rọ̀ bí a bá ṣubú, láti kọ́ wa bí a ṣe ń já ara ẹni gbà.

"Ẹni tó bá di ọwọ́ rẹ mú, apá ibi tí àtàǹpàkò rẹ̀ wà ni kí o já a sí." Ó ní kí a fi ìgúnpá gbá a, kí a sá. Kí a má pariwo "ẹ gbà mí", "iná" ni kí a pariwo, torí gbogbo ayé ló ń sáré wá pa iná. Àti pé kí a ju ẹrù orí wa dànù.

"Tata, iṣu á kán o!"

"Iṣu tó kán, a ó sè é jẹ. Ìwọ ńkọ́?"

Ebè tí a fi ìdí bàjẹ́ kò kéré. Bàbá àgbà á ní kí a kúnlẹ̀, kí a gbé ọwọ́ sókè.

Èyí tó le jù ni ti ẹrù. Ẹ mọ̀ pé nílẹ̀ wa, bí àgbàlagbà bá dúró ti ẹrù rẹ̀ lójú ọ̀nà, ọmọ tó ń kọjá gbọ́dọ̀ bá a gbé e rù. Tata ní: "Bí o bá ń bá ènìyàn gbé ẹrù, ọwọ́ rẹ méjèèjì ti wà lókè nìyẹn. Wo ojú rẹ̀ ná. Wo ẹ̀yìn rẹ." A rẹ́rìn-ín. Ta ló tó wo àgbàlagbà lójú bẹ́ẹ̀? Ìyá mi ì bá fa etí mi ya.

Ẹnìkan rí wa. Títí di òní a ò mọ ẹni náà. Delegé wá sí ìdí dùǹdú.

"Kamaradi Fẹlisí, wọ́n ní ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìjà. Ta ni wọ́n fẹ́ bá jà?"

"Ẹni tó bá dì wọ́n mú ni, kamaradi."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní bí òun bá tún gbọ́, ìlú Parakou, lọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá òun, ni Tata yóò ti ṣàlàyé. A mọ àwọn tó lọ ṣàlàyé ní Parakou tí wọn ò padà wálé mọ́. Ẹ̀kọ́ wa dúró.

Kò pé oṣù kan, mo ń ti oko bọ̀. Ọkùnrin kan tí n kò mọ̀ rí dúró ti àpò èédú. "Ọmọ dáadáa, bá mi gbé e rù." Mo sọ apẹ̀rẹ̀ iṣu mi kalẹ̀, mi ò wo ojú rẹ̀, mo na ọwọ́ méjèèjì. Bí ó ṣe gbá ọrùn ọwọ́ mi mú nìyẹn. Mo já a sí apá àtàǹpàkò, ìgúnpá mi bà á níkùn, mo pariwo "Iná! Iná!" Àwọn tó ń roko sáré dé pẹ̀lú ewé tútù lọ́wọ́, wọ́n ń wá èéfín. Ọkùnrin náà ti wọ igbó, èédú rẹ̀ nìkan ló kù.

Nírọ̀lẹ́, delegé pe gbogbo ará ilé wa sí iwájú ilé rẹ̀.

"Géńdé ọkùnrin dì ọ́ mú, o já gbà. Ta ló kọ́ ọ?"

"Kò sẹ́nìkan."

Ó na ọwọ́, ó di ọrùn ọwọ́ mi mú. "Ó dáa. Já èyí."

Tata wà níbẹ̀, kò wò mí. Mo rí àtàǹpàkò delegé kedere. Bí mo bá já a, wọ́n á mú Tata lọ. Mo jẹ́ kí ọwọ́ mi rọ̀ bí aṣọ tútù, mo bú sẹ́kún. Ó túbọ̀ fún ọwọ́ mi pinpin, títí ìyàwó rẹ̀ fi kígbe láti ìdí ààrò: "Bàbá wọn, ẹ ó ṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́!" Ó fi mí sílẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò fi mí sílẹ̀.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, ìyàwó náà yọ sí wa lóko pẹ̀lú ọmọbìnrin rẹ̀ méjì. Ọkọ́ ló wà lọ́wọ́ wa.

"Ebè la ń kọ níbí, màmá," ni Tata wí.

"Ẹ kọ́ wọn ní ebè yẹn náà."

Tata wò ó títí. Ṣé ọkọ rẹ̀ ló rán an ni, àbí gẹ́gẹ́ bí ìyá ọmọ ló ṣe wá? Nígbẹ̀yìn ó ju ọkọ́ sílẹ̀, ó sọ fún èyí tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n: "Mú ọwọ́ wá." Fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, bí a bá ti gbọ́ ìró ọkọ̀, a ó yọjú wò bóyá Tata ni wọ́n wá mú. Ọkọ̀ kò wá mú Tata.

Nígbà tí mo ti di oníròyìn, mo lọ bi ìyàwó delegé léèrè ohun tó gbé e wá sóko lọ́jọ́ náà. Ó ní: "Ọkọ mi ló ní kí n lọ ṣọ́ yín. Mo padà délé, mo ní kó di ọmọ rẹ̀ mú. Ó dì í mú. Ọmọ já gbà. Kò tún bi mí ní nǹkan kan mọ́."

Lónìí, ní Tchaourou kan náà, gbangba ni àwọn ọmọbìnrin ti ń kọ́ bí a ṣe ń já ara ẹni gbà, lórí ẹní rírọ̀. Olùkọ́ ń fọn fèrè, àwọn òbí ń ya fọ́tò. Kò sẹ́ni tó ń bi wọ́n pé ta ni wọ́n fẹ́ bá jà. Alùpùpù ló ń ru ẹrù, erùpẹ̀ kò sì kan orúnkún wọn. Inú mi dùn fún wọn. Síbẹ̀, bí mo bá lọ wò wọ́n, ojú mi kì í pẹ́ lórí ẹní. Ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí kò mú ọmọ kankan wá, ni mo máa ń wò lẹ́ẹ̀mejì: ta ló rán an?