Ọṣẹ Tí Kò Dì

Láti ìgbà tí wọ́n ti fi mí ṣe ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ girama aládàáni kan ní Adjamé, nílẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ Faransé, mi ò lè jókòó sójú kan. Àga tó dára wà ní ọ́fíìsì mi, ṣùgbọ́n báàgì mi ló ń jókòó sórí rẹ̀. Èmi alára á wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kíláàsì, á wà lẹ́nu géètì níbi tí ariwo àwọn tó ń pe èrò sí gbaka, bọ́ọ̀sì kékeré ibí, ti ń bo ohùn olùkọ́ mọ́lẹ̀. Àwọn olùkọ́ ti dá ìró bàtà mi mọ̀. Bí wọ́n bá ti gbọ́ ọ, wọn a gbé ohùn sókè díẹ̀.

Ọmọ oníṣòwò ni mí. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi ti wá, ó sì ta aṣọ ní Treichville títí ó fi darúgbó. Ọ̀rọ̀ kan ni kì í yé tẹnu mọ́ fún mi ní kékeré: bírò ni kí n dì mú, kì í ṣe ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn aṣọ. Mo gbà. Mo kàwé, mo di olùkọ́ ìtàn, ó sì lé ní ogún ọdún tí mo fi sá fún ìsọ̀. Nítorí náà, nígbà tí ẹni tó ni ilé-ẹ̀kọ́ wa pè mí, tó ní òun fẹ́ kí àwọn ọmọ máa kọ́ bí ènìyàn ṣe ń dá iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ó yẹ kí n fara balẹ̀ kí n bi í ní ìbéèrè. Mi ò bi í ní nǹkan kan. Mo ní a ó bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Níbi ìpàdé àwọn òbí, bàbá kan dìde. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, ó ń ta ìkòkò àti abọ́ ní ọjà Adjamé, ọmọ rẹ̀ obìnrin sì wà ní quatrième, kíláàsì ọdún kẹta tí a fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ó kọ́kọ́ fi Faransé kí gbogbo ilé, lẹ́yìn náà ó kọjú sí mi, ó sì yí ọ̀rọ̀ sí Yorùbá.

“Ẹ má bínú o, Màdáámù. Ọjà títà wà nílé mi lọ́pọ̀lọpọ̀. Ohun tí kò sí nílé mi ni mo rán ọmọ mi wá kọ́ lọ́dọ̀ yín.”

Ọ̀rọ̀ náà bá mi níbi tó ń dùn mí, nítorí ó dà bí ẹni pé bàbá mi gan-an ló ń sọ̀rọ̀. Mo ṣàlàyé pé kì í ṣe ọjà títà là ń sọ, pé a fẹ́ kí ọmọ lè wo àyíká rẹ̀, kó rí ohun tó kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀, kó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ wá nǹkan ṣe sí i. Ó mi orí sí mi bí ìgbà tó ń mi orí sí oníbàárà tó ń ná ọjà tí kò ní rà, ó sì jókòó.

Olùkọ́ kẹ́mísírì ni mo fa iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ọ̀kan nínú àwọn ará orílẹ̀-èdè Benin tí àwọn bàbá àgbà wọn wá ṣe akọ̀wé níbí nígbà àwọn Faransé. Kò sọ fún àwọn ọmọ pé ohun báyìí ni kí wọ́n ṣe. Ó ní kí wọ́n rìn yí ilé-ẹ̀kọ́ ká, kí wọ́n wo ohun tí a nílò. Wọ́n padà wá, wọ́n ní kò sí ọṣẹ nídìí ẹ̀rọ omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìyàgbẹ́, pé láti ọjọ́ tí àwọn ti dé ilé-ẹ̀kọ́ yìí, àwọn ò rí ọṣẹ níbẹ̀ rí. Ojú tì mí, nítorí pé lójoojúmọ́ ni mo ń gba ibẹ̀ kọjá. Wọ́n ní ọṣẹ làwọn máa ṣe. Wọ́n fi ọmọ bàbá oníkòkò ṣe olórí.

Èyí àkọ́kọ́ kò dì. Ó wà nínú korobá bí ògì. Wọ́n tún òmíràn pò, ó dì lókè, ó ṣomi nísàlẹ̀. Àwọn ọmọ á wò ó, wọn á ní “ça a gâté”, pé ó ti bàjẹ́, wọn á sì rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ wọn á ní kí wọ́n kọ gbogbo ohun tí wọ́n ṣe sílẹ̀: bí epo ṣe pọ̀ tó, bí omi ṣe pọ̀ tó, ìgbà tí wọ́n da sódà sí i. Inú mi ò gbà á. Bí mo bá ti mọ̀ pé wọ́n wà lẹ́nu ọṣẹ, ẹsẹ̀ mi á gbé mi débẹ̀. Mo á ní kí wọ́n gbé orógùn wá, mo á máa rò ó fúnra mi, mo á máa sọ pé báyìí là ń ṣe é, bẹ́ẹ̀ mi ò pọṣẹ rí láyé mi. Àwọn ọmọ á sún sẹ́yìn, wọn á ká ọwọ́ kò, wọn á máa wò mí.

Lọ́jọ́ kan olùkọ́ náà wá bá mi ní ọ́fíìsì. Ó dúró, kò jókòó.

“Màdáámù, ẹ jọ̀ọ́,” ó ní, “ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é bàjẹ́.”

Mo ní mo ti gbọ́. Òótọ́ ni pé mo gbọ́, ṣùgbọ́n ara mi ò gbà.

Kò pẹ́ sígbà náà ni lẹ́tà dé pé obìnrin kan tó jẹ́ ọ̀gá nídìí àyẹ̀wò ilé-ẹ̀kọ́ ń bọ̀ wá wo iṣẹ́ tuntun wa. Mo sáré lọ wo korobá. Ọṣẹ ọ̀tẹ̀ yìí sàn díẹ̀, síbẹ̀ bí a bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, ìka á wọlé. Ó ku ọjọ́ mẹ́rin. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ Sátidé mo wọ gbaka lọ sí Anyama, níbi tí mo mọ obìnrin kan tó ń ṣe ọṣẹ roboto tí wọ́n ń pè ní kabakuru. Mo ra àpò kan. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, kí àwọn ọmọ tó dé, mo fi bébà tí àwọn ọmọ ti ya àwòrán ẹ̀rọ omi sí wé e lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì tò ó sórí tábìlì. Mo sọ fún ara mi pé mo ń gba iṣẹ́ wọn lọ́wọ́ ẹ̀tẹ́ ni.

Nígbà tí olùkọ́ rí i, ó wo tábìlì, ó wá wò mí. Àwọn ọmọ náà rí i.

Obìnrin alábẹ̀wò náà ti Cocody, àdúgbò àwọn olówó, wa ọkọ̀ rẹ̀ wá lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè. Ó mú ọṣẹ kan, ó tú bébà rẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀, ó yìn ín. Ó wá yíjú sí ọmọbìnrin olórí wọn, ó bi í bí wọ́n ṣe ṣe é tó fi le tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà wo olùkọ́. Ó wo èmi. Ó wá fi Faransé sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé èyí kì í ṣe tàwọn, pé tàwọn wà nínú korobá lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kò sì tíì dì.

Irọ́ ti wà létè mi. Mo ní àpẹẹrẹ ni, pé a kàn fi hàn wọ́n bó ṣe yẹ kó rí. Kò sí ẹni tó bá mi gbè é. Obìnrin náà ní kí wọ́n gbé korobá wá. Ó lóṣòó sídìí rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tó dára lára rẹ̀, ó ti ìka bọ̀ ọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi wọ́n ní ìbéèrè. Èmi tí mi ò lè dúró sójú kan, ọjọ́ yẹn ni ẹsẹ̀ mi kọ̀ láti gbé mi kúrò níbẹ̀. Àwọn ọmọ ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ara wọn lẹ́nu. Wọ́n ṣí ìwé, wọ́n fi èyí àkọ́kọ́ wé ìkejì, wọ́n ní omi làwọn fi pọ̀ jù, wọ́n ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lẹnìkan ti rò ó ju bó ṣe yẹ lọ. Wọn ò dárúkọ ẹni náà. Nígbà tí mo sin obìnrin náà dé ìdí ọkọ̀ rẹ̀, ó ní ohun méjèèjì tí òun rí, ti orí tábìlì àti ti inú korobá, lòun máa kọ. Ó kí mi pé ó dàbọ̀.

Lọ́jọ́ kejì ọmọbìnrin náà kò wá. Ọjọ́ kẹta, kò wá. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé tí mi ò tún rí i, mo fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀, mo wọ inú ọjà lọ. Bàbá rẹ̀ ń to abọ́ léra. Mo kúnlẹ̀ kí i láàárín àwọn ìkòkò.

“Ẹ dìde, Màdáámù, ẹ dìde,” ó ní. Ó gbé àpótí fún mi. Ó ní ọmọ náà sọ pé òun ti dójú ti ọ̀gá àgbà lójú àlejò, pé òun ò mọ ojú tí òun máa fi wò mí.

Mo ní èmi ló yẹ kí n máa sá fún un. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún bàbá náà, láti Anyama dé orí tábìlì. Ó nu abọ́ kan, ó gbé e sílẹ̀.

“Nídìí iṣẹ́ tiwa,” ó ní, “ẹni tó bá gbé ọjà ẹlòmíràn tó pè é ní tirẹ̀, a ò ní bú u. A ò kàn ní bá a dòwò mọ́ ni. Ohun tí mo fi kọ́ ọmọ mi nìyẹn. Mi ò mọ̀ pé ó ń gbọ́, torí pé gbogbo ohun tí mo bá sọ ní Yorùbá, Faransé ló fi ń dá mi lóhùn.”

Ó pe ọmọ náà jáde láti ẹ̀yìn ìsọ̀. Ọmọ náà kúnlẹ̀ kí mi. Mo ní, “Ọmọ mi, òótọ́ lo sọ. Èmi ni mo ṣi í ṣe. Padà wá.” Ó gbà, ó ní “D'accord, Madame.” Ó padà lọ́jọ́ kejì.

Ọjọ́ yẹn náà ni mo dúró níwájú kíláàsì wọn, tí mo bẹ̀ wọ́n. Mo ti lérò pé wọ́n á sọ pé kò burú. Wọn ò sọ ọ́. Wọ́n kàn béèrè bóyá àwọn lè gé ọṣẹ Anyama sí wẹ́wẹ́, kí àwọn wo inú rẹ̀. Mo kó gbogbo rẹ̀ fún wọn, mo sì jáde.

Ìwé àbẹ̀wò dé lẹ́yìn oṣù kan. Ó yin àwọn ọmọ àti olùkọ́ wọn. Nípa tèmi, ohun tí mo ṣe ló wà níbẹ̀, láì fi epo bọyọ̀. Ẹni tó ni ilé-ẹ̀kọ́ fún mi ní lẹ́tà ìkìlọ̀, ó sì fi mí sílẹ̀ nípò mi. Ọṣẹ àwọn ọmọ dì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Òórùn rẹ̀ kò dára, ó rí wúruwùru, ṣùgbọ́n ó ń hó. Wọ́n gbé e sídìí ẹ̀rọ omi láì ké sí mi.

Lọ́dún yìí, quatrième tuntun ti mú iṣẹ́ mìíràn. Mi ò mọ ohun tó jẹ́. Olùkọ́ wọn ní wọ́n á pè mí tó bá yá. Mo ń gbọ́ òòlù nínú kíláàsì náà, mo ń gbọ́ ẹ̀rín, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan mo ń gbọ́ ìjà. Mo á rìn dé ìdí ilẹ̀kùn wọn, mo á yípo, mo á lọ sí géètì, mo á tún padà wá. Wọn ò tíì pè mí.