Àwọ̀ Méjì Tí Mo Fi Kọ Orúkọ Àwọn Ọ̀rẹ́ Mi

Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, kọ́bọ̀ márùn-ún ni mo fi ń ra sítáǹbù, lẹ́tà mi á sì dé Adó kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Lónìí, dátà ẹgbẹ̀rún kan náírà kì í pẹ́ lọ́wọ́ mi tí fóònù fi ń sọ pé ó ti tán. Nítorí náà, nígbà tí mo fẹ́ ṣe ojú òpó ayélujára fún àwa mẹ́rìndínlógún tí a jọ ka sáyẹ́ǹsì ní girama, mo kọ́kọ́ pinnu pé kò gbọdọ̀ jẹ dátà arúgbó. Mo dín àwòrán wa kù títí gbogbo rẹ̀ fi fúyẹ́.

Ìṣirò ni mo fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ àwọn ọmọ iléèwé. Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì ni mo ń kọ́ kóòdù díẹ̀díẹ̀, ó sì ń rẹ̀ mí. Mo jẹ́ kí lẹ́tà tóbi. Mo fi nọ́ńbà fóònù kọ̀ọ̀kan sínú àpótí tó gba àtàǹpàkò, torí ọwọ́ wa ń gbọ̀n. Mo gbé fóònù jáde sínú oòrùn láti wò ó, nítorí ohun tó mọ́ kedere nínú yàrá lè pòórá níta.

Ibi orúkọ ni mo ti ṣìṣe. Ọwọ́ mi kò gbà láti kọ “ó ti kú” síwájú orúkọ ẹni tí a jọ jẹ ẹ̀wà nínú abọ́ kan. Mo wá fi àwọ̀ ewé kọ àwọn tó wà láàyè, mo fi pupa kọ àwọn tó ti lọ. N kò yọ nọ́ńbà àwọn tó ti lọ kúrò, torí àwọn ìyàwó wọn ló ń gbé ìpè wọn báyìí.

Ọ̀rẹ́ wa tó ń gbin ìrẹsì ní Igbemo rí ojú òpó náà, inú rẹ̀ dùn. Ó tẹ nọ́ńbà ọ̀rẹ́ wa kan ní Ìgèdè. Ìyàwó onítọ̀hún ló gbé e. Onírẹsì wa ní kí ó sọ fún ọ̀lẹ yẹn pé kó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, kó wá gbọ́ fóònù. Obìnrin náà sọ fún un pé ọdún kejì rèé tí ọ̀lẹ náà ti lọ.

Ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Kaduna ni onírẹsì wà nígbà ìsìnkú náà. Kálukú wa rò pé ẹlòmíràn ti sọ fún un.

Ó pè mí. Kò pariwo.

“Ìwọ lo máa ń bá mi wo àwọ̀ inú ìgò ní láàbù,” ó ní. “O mọ̀ pé ojú mi kì í ya pupa sọ́tọ̀ lára àwọ̀ ewé. Àwọ̀ lo wá fi túfọ̀ fún mi?”

Mo mọ̀ ọ́n. Mo ti gbàgbé ni.

Ní ọjọ́ kejì mo lọ sí Ìgèdè láti tọrọ àforíjì. Mo sọ fún opó náà pé màá yọ orúkọ ọkọ rẹ̀ kúrò.

“Ẹ má yọ ọ́, Bàbá,” ó ní. “Ó ti pẹ́ tí ẹnìkan ti pè é ní ọ̀lẹ gbẹ̀yìn nínú ilé yìí. Ẹ ṣáà kọ ọ́ kó yé èèyàn.”

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ẹ fi àwọ̀ sí i bí ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Mo jókòó, mo kọ “ó ti sùn” síwájú orúkọ mọ́kànlá. Mo sinmi lẹ́ẹ̀mejì kí n tó parí. Lẹ́yìn náà ni mo kọ “ó wà láàyè” síwájú àwọn tó ṣẹ́kù: onírẹsì Igbemo; ọ̀kan ní Ìjàn tí etí rẹ̀ ti di; àwọn méjì ní Adó, tí ọ̀kan nínú wọn kì í jáde mọ́; àti èmi.