Ẹnu Kòkòrò Tí Uncle Gbénró Yà Kẹ́yìn

Ó dìgbà kan ná o, Uncle Gbénró. Àbúrò ìyá mi, ọkọ Aunty Bísí, ayàwòrán tí ó mọ ojú gbogbo ará Ìkòsí ju bí wọ́n ti mọ̀ ọ́n fúnra wọn lọ, ó dìgbà o. Wọ́n ní kí n kọ ojú ìwé kan nípa yín sínú ìwé ètò ìsìnkú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti kọ ọ́ tí mo fà á ya. Ọ̀rọ̀ dídùn ni gbogbo rẹ̀, kò sì sí òótọ́ níbẹ̀.

Ìwé ìkéde tí wọ́n lẹ̀ mọ́ géètì ilé wa sọ pé àìsàn ránpẹ́ ló mú yín lọ. Àwọn àgbà ilé ló ní kí wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí wàhálà má baà tẹ̀lé wa wọlé. Mi ò bá wọn jiyàn. Èmi nìkan ni mo wà pẹ̀lú yín lọ́jọ́ náà, mo sì sọ fún gbogbo ènìyàn pé mi ò rí nǹkan kan. Irọ́ ni mo pa.

Ẹ̀yin tí ẹ kì í kánjú. Bí ìyá arúgbó bá wá ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù ní ṣọ́ọ̀bù yín, ẹ óò ní, "Màmá, ẹ gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, ìjọba ò fẹ́ rí eyín." Wọn á bú sẹ́rìn-ín, ẹ óò sì tún un yà láìbínú.

Nígbà tí mo wọ yunifásítì lọ́dún yìí, ìmọ̀ ìṣègùn ni mo béèrè fún, ẹ̀kọ́ nípa ẹranko àti kòkòrò ni wọ́n fún mi. Mo sunkún títí ojú mi fi wú. Ẹ ò rẹ̀ mí lẹ́kún. Ohun tí ẹ sọ ni pé, "Morẹ́, ẹni tí wọ́n bá fún ní kòkòrò, kó wò ó dójú ẹ̀." Lọ́jọ́ kejì, ẹ yọ ojú kámẹ́rà yín, ẹ yí i padà, ẹ fi tépù dúdú lẹ ẹ̀yìn rẹ̀ síwájú kí ó lè sọ nǹkan kékeré di ńlá. Ẹ la ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, ẹ nà án síwájú tọ́ọ̀ṣì kí iná má baà mú jù. Ẹ wá mú kòkòrò pupa róbótó kan, èyí tó ní àmì dúdú lẹ́yìn, tó máa ń bá ẹ̀fọ́ wọ Mile 12 láti oko, ẹ gbé ìgò rẹ̀ sínú yìnyín kí ara rẹ̀ lè balẹ̀. Mo ní ká kúkú fín in lóògùn kó kú. Ẹ wò mí bí ẹni pé orí mi dàrú, ẹ ní, "A kì í pa oníbàárà kí fọ́tò tó jáde."

Nígbà tí àwòrán náà hàn lórí kọ̀ǹpútà, mo fà sẹ́yìn. Kòkòrò tí àwọn ọmọdé ń gbé sí àtẹ́lẹwọ́, apẹranjẹ ni. Àgbọ̀n rẹ̀ kì í ṣí sókè sílẹ̀ bíi tiwa. Láti ọ̀tún àti òsì ló ti ń pàdé, bí ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ, ẹnu rẹ̀ sì pín sí eyín méjì mímú. Ó ní ọwọ́ tín-ín-rín lábẹ́ ẹnu tó fi ń tọ́ oúnjẹ wò. Àwọn kòkòrò wínníwínní tó ń mu omi ara ewé ló ń jẹ. Ó ń fa ikùn wọn ya, ó ń mu inú wọn gbẹ, bí ẹsẹ̀ wọn ti ń jà lófurufú. Ọmọ rẹ̀ tó bá kọ́kọ́ jáde nínú ẹyin á jẹ ẹyin àbúrò rẹ̀. Mo gbójú kúrò. Ẹ ní, "Ebi ló ń pa á, Morẹ́. Kò bínú sí ẹnikẹ́ni."

Olùkọ́ wa fẹ́ àwòrán èyí tó ń jẹun lórí ewé. Èmi ni mo bẹ̀ yín pé ká lọ sí oko ẹ̀fọ́ etí odò ní Ajégúnlẹ̀. A ti gbọ́ pé ìdílé méjì ń jà nítorí ilẹ̀ náà, tí ọ̀kan sì ti gba lọ́yà. Mo ní ewé lásán la fẹ́ yà. Ọ̀sán gangan ni. Ẹ dojú bolẹ̀ láàárín ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, èmi dúró lẹ́yìn yín pẹ̀lú kúlà yìnyín. Bí mo ti rí ọkùnrin mẹ́rin tó ń bọ̀ pẹ̀lú igi àti irin, mo sá sẹ́yìn ògiri búlọ́ọ̀kù kan tí wọn ò kọ́ tán. Mi ò tilẹ̀ pè yín.

"Ta ló rán ẹ wá ya ilẹ̀ wa?"

"Ẹ má bínú, kòkòrò ni mo wá yà."

"Ẹ gbọ́ o, bàbá ní kòkòrò lòun wá yà. Kòkòrò ló gba lọ́yà ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ dìde, ẹ fi àwòrán inú kámẹ́rà hàn wọ́n, torí ẹ gbà pé ẹni tó bá ti rí i yóò gbà yín gbọ́. Èyí tó dé fìlà pupa wo ẹnu ńlá náà, ó ní, "Kí lèyí? Ojú àwọn tó rán ẹ nìyí?" Ó fi irin gbá yín lágbọ̀n. Ẹ ṣubú lu kámẹ́rà. Wọ́n fi igi lù yín ní ẹ̀yìn, lórí, lọ́wọ́ tí ẹ fi bo orí. Wọ́n ń lù yín nígbà tí ẹ ò mira mọ́. Mo gbọ́ ìró egungun. Ẹ kígbe lẹ́ẹ̀kan péré, ṣùgbọ́n ẹ ò pe orúkọ mi, kí wọ́n má baà mọ̀ pé mo wà níbẹ̀.

Ọjọ́ méjì lẹ fi wà ní ọsibítù, àgbọ̀n yín ti fọ́, ẹ ò lè sọ̀rọ̀. Aunty Bísí bi mí lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì yín pé, "Morẹ́, kí lo rí?" Ẹ ń wò mí. Mo ní mi ò rí nǹkan kan.

Ní àárọ̀ àná, mo lọ bá Aunty ní kíṣìnì, mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo rò pé wọ́n á lé mi jáde. Wọ́n pa iná gáàsì, wọ́n wọ bàtà, wọ́n ní, "Ó yá." Ní àgọ́, àwọn ọlọ́pàá bi mí bóyá ó dá mi lójú. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo ṣàpèjúwe àpá tó la ètè ọkùnrin fìlà pupa náà, eyín rẹ̀ tó kán sí ìdajì, àti ibi tí mo ti máa ń rí i tó ń jókòó sí ní Kétu. Mo fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ mi sí. Aunty ló ní kí n kọ ọ́ síbí pẹ̀lú, kí ẹnikẹ́ni má ṣe tún pe ikú yín ní àìsàn.

Uncle, ẹ dárí jì mí. Aunty ní ká ní mo jáde lọ́jọ́ náà, òkú méjì là bá máa sin. Bóyá. Mi ò mọ̀. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Àwọn ọlọ́pàá ní wọn yóò pè mí wá tọ́ka sí ọkùnrin náà lójúkojú, màá sì lọ.

Ẹ sùn re o, Uncle mi, nínú ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní bá yín dù.

Morẹ́nikẹ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n yín.