Kí Àrìnkẹ́ Tó Gbéra

Nígbà ọyẹ́, kùrukùru a máa bo òpópónà márosẹ̀ ní Magboro láàárọ̀, débi pé iná ọkọ̀ nìkan ni èèyàn ń rí, tí yóò máa lọ jẹ́jẹ́ bí ẹni pé kò sí ọkọ̀ kankan lẹ́yìn rẹ̀. Irú àárọ̀ bẹ́ẹ̀ ni Adéyẹ́misí fẹ́ràn jù. Olùkọ́ ni ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ládùúgbò náà. Kó tó wọ ọgbà iléèwé, yóò kọ́kọ́ dúró lẹ́bàá ọ̀nà, yóò gbójú sókè, yóò sì wo inú funfun náà títí. Àwọn aládùúgbò rò pé àdúrà ló ń gbà. Àrìnkẹ́ ló ń wá.

Inú ìwé kọ́míìkì ni Àrìnkẹ́ Oníkùrukùru ń gbé. Ọmọbìnrin onírun ṣùkú ni, tó ń gun kùrukùru bí ẹni gun àkàbà, tó ń ká a bí aṣọ, tó sì ń fi í bo àwọn ọmọ tí ọwọ́ ìkà fẹ́ tẹ̀. Ní Ifo, nígbà tí Adéyẹ́misí ṣì kéré, bàbá rẹ̀ a máa ra ìwé náà bọ̀ láti ẹ̀bá ojú irin. Lọ́jọ́ kan, ìwé náà kò jáde mọ́. Nínú èyí tó jáde kẹ́yìn, Àrìnkẹ́ wà lókè réré, ọkọ̀ ojú irin ń kọjá lábẹ́ rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ó padà sọ̀ kalẹ̀.

Láti ìgbà náà ló ti ń fò kiri nínú orí Adéyẹ́misí. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sílẹ̀, láìsí àwòrán, ní ọ̀rọ̀ lásán, títí ó fi di odindi ìtàn àròsọ. Òǹtẹ̀wé kan ní Ibafo kà á, ó fẹ́ràn rẹ̀, ó ní òun yóò tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ni Àrìnkẹ́ bá fọwọ́ sí i.

Ẹni tó ni ín ni Bàbá Olúsànyà, tó ń gbé ní Lotto, ní Mowe. Òun ló ya gbogbo àwòrán náà nígbà èwe rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti ṣókùnkùn báyìí. Kò lè yàwòrán mọ́, kò sì lè kàwé. Ohun tó sọ fún Adéyẹ́misí lórí fóònù kò gùn.

"Wá kà á sí mi létí. Bí mo bá mọ̀ ọ́n, tẹ̀ ẹ́. Bí mi ò bá mọ̀ ọ́n, fi ọmọ mi sílẹ̀ lókè níbi tí mo fi í sí."

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé, Adéyẹ́misí jókòó sórí àpótí ní fàráǹdà wọn, ó sì kàwé náà fún wọn. Màmá Jésùlayọ̀mi, ìyàwó bàbá, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń bó ẹ̀gúsí. Nígbà tí ìtàn dé ibi tí Àrìnkẹ́ ti kọ́kọ́ fò, bàbá gbọ́wọ́ sókè.

"Tún ibẹ̀ yẹn kà."

Ó tún un kà: "Àrìnkẹ́ ká orúnkún méjèèjì, ó kó agbára rẹ̀ jọ, ó sì ta sókè bí òkò. Ilẹ̀ mì tìtì."

"Ta nìyẹn?"

"Àrìnkẹ́ ni, sà."

"Mi ò mọ̀ ọ́n."

"Èmi mọ̀ ọ́n," ni Màmá Jésùlayọ̀mi wí, láìgbójú kúrò lára ẹ̀gúsí rẹ̀. "Ọ̀pọ̀lọ́ ni."

"Má dá ìyá ẹ lóhùn," ni bàbá wí. Ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín. "Kí ló gbé e sókè?"

"Agbára rẹ̀ ni, sà."

Bàbá mi orí. "Àlejò lèyí o. Ó jẹ́ orúkọ ọmọ mi, ṣùgbọ́n àlejò ni."

Adéyẹ́misí kó ìwé rẹ̀ sínú báàgì. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún ti di asán lójú rẹ̀; díẹ̀ ló kù kó bú sẹ́kún. Síbẹ̀, ọmọ tí a kọ́ nílé ni; ó kúnlẹ̀ níwájú bàbá kó tó lọ.

"Mo ń lọ sílé, sà. Ẹ ṣeun, sà."

 Bàbá dorí kọ ìsàlẹ̀, síbi tí ohùn náà ti wá. Ọwọ́ rẹ̀ jáde, ó ń wá a kiri nínú afẹ́fẹ́, títí ó fi dúró sókè orí Adéyẹ́misí. Níwọ̀n ìgbà tí àgbà kò tíì dáhùn, Adéyẹ́misí kò lè dìde. Sìmẹ́ńtì tutù lórúnkún rẹ̀. Ó gbójú sókè, ó sì rí ọwọ́ náà láti ìsàlẹ̀.

Ó ti rí ọwọ́ yẹn rí. Nínú gbogbo ìwé náà, kí Àrìnkẹ́ tó fò, ọwọ́ àgbà kan a máa wà ní igun òkè ojú ewé, Àrìnkẹ́ yóò sì wà lórí ìkúnlẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ojú òyìnbó ló fi wo àwòrán náà lọ́mọdé. Nínú kọ́míìkì àwọn òyìnbó, àwọn akọni a máa lóṣòó kí wọ́n tó fò, ó sì rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni ti Àrìnkẹ́. Ó máa ń yára ṣí ewé kọjá ibẹ̀ ni, kó lè débi tó ti ń fò.

"Bàbá, ọwọ́ ta ni ti igun ewé yẹn?"

Ojú bàbá tú ká. "Ọwọ́ ìyá mi ni. Bébà ò gbà wọ́n tán."

"Kí ni ì bá gbà wọ́n?" ni Màmá Jésùlayọ̀mi wí. "Ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n fi ń wọlé wa yìí."

"Láràárọ̀ ni wọ́n máa ń gbé e lé àbúrò mi lórí kó tó lọ síléèwé," ni bàbá wí. "Kò ní dìde títí wọ́n á fi ní kó dìde. Èmi á máa wò ó láti ẹnu ọ̀nà. Tó bá ti dìde báyìí, á dà bíi pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kanlẹ̀ mọ́." Ó fa ọwọ́ rẹ̀ padà. "Máa lọ ilé. Lọ tún un kọ."

Àárọ̀ kùrukùru kan ni Adéyẹ́misí padà wá sí Lotto. Lórí ìkúnlẹ̀ ló ti kà á lọ́tẹ̀ yìí, torí kò lè fi ìjókòó kà á.

"Àrìnkẹ́ kúnlẹ̀. Ìyá àgbà súre fún un, ó pe oríkì rẹ̀, kò sì kánjú. Kùrukùru ti kóra jọ sẹ́nu ọ̀nà, ó ń dúró. Ìyá àgbà ní, 'Dìde.' Àrìnkẹ́ dìde, ó sì ń dìde lọ, ó kọjá òrùlé, ó kọjá òpó iná, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀."

Ọwọ́ Màmá Jésùlayọ̀mi dúró nínú ẹ̀gúsí. Bàbá Olúsànyà di ojú rẹ̀ tí kò ríran, bí ẹni tí ìmọ́lẹ̀ pọ̀ jù fún.

"Ọmọ mi nìyẹn," ló wí. "Ó ti gòkè jù. Ṣé ó máa padà sọ̀?"

"Ó sọ̀, sà. Ó wà ní ìparí ìwé."

Bàbá na ọwọ́, ó wá orí Adéyẹ́misí títí ó fi rí i, ó sì gbé ọwọ́ lé e.

"Dìde."

Adéyẹ́misí dìde. Nígbà tó jáde sójú títì Lotto, funfun ni gbogbo ayé, iná ọkọ̀ ń lọ jẹ́jẹ́. Ó rìn díẹ̀, ó dúró, ó sì wo ẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa, bóyá ó kanlẹ̀.