Ọwọ́ Ni Kí O Máa Wò

Ẹ̀gúsí ni mo ń bó lẹ́yìn ilé, tí mo sì ń ka àkọ́sórí mi lábẹ́lẹ̀, nígbà tí igbe ta lójúde pé àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè ti mú ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Wọ́n ní amí Ìjàyè ni, pé inú igbó ni àwọn ti rí i.

Ogun Ìbàdàn àti Ìjàyè kò tíì parí nígbà náà. Ẹni tí wọ́n bá pè ní amí ní Ìrókò, ìlú wa, kì í sábà padà délé. Bàbá wa ti kú, ìyá wa sì ti gbé iṣu lọ sí Ìbàdàn. Ìyá àgbà tó ń rẹ aṣọ láró ní àgbàlá tó kángun sí tiwa nìkan ló wà nítòsí. Apá wọn dúdú títí dé ìgúnpá, òórùn aró a sì máa ṣáájú wọn wọlé.

Àwa ọmọ iléèwé àlùfáà la máa ń jókòó ti ìkòkò wọn láti ka ìbéèrè àti ìdáhùn, kí á lè yege lójú òyìnbó tó ń bọ̀ wá dán wa wò. Wọn a gbọ́ wa tán, wọn a ní a ṣeun. Lẹ́yìn náà, wọn a rán wa níṣẹ́ lọ sí agboolé míì. Bí a bá padà dé, wọn a bèèrè pé, "Kí ni ọwọ́ ẹni tí mo rán ọ sí ń ṣe?" Bí a kò bá mọ̀, a ó tún iṣẹ́ náà jẹ́.

"Ọmọdé kì í tẹjú mọ́ àgbà," wọn a ní. "Ọwọ́ ni kí o máa wò. Ọwọ́ tó wà nínú ọbẹ̀ kò létí."

Lọ́jọ́ náà, wọ́n fà mí dìde. "Ìwọ lo rí i nígbà tó ń lọ sóko láàárọ̀. Ìwọ ni wàá sọ̀rọ̀."

"Èmi kẹ̀, Ìyá?"

"Bí èmi bá sọ ọ́, wọ́n á ní arúgbó ń gbèjà ọmọ àdúgbò."

Ẹ̀gbọ́n mi wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́nubodè, ọwọ́ rẹ̀ dídè sẹ́yìn, ètè rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀. Olórí ẹ̀ṣọ́ dúró tì í, ó di èèkù idà mú. Bí mo ṣe la ẹnu báyìí, ohùn iléèwé ló jáde: ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣe amí, ọmọ rere ni, ó bẹ̀rù Ọlọ́run. Mo ń dà á sílẹ̀ láìmí.

"Odídẹrẹ́ ni ìyá yìí gbé wá!" ẹ̀ṣọ́ kan wí. "Ẹ fún un ní ata jẹ!"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Olórí wọn kò rẹ́rìn-ín. "Ìyá, ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ, àbí?"

Ìyá náà kúnlẹ̀. Èmi náà kúnlẹ̀. Ìgbà náà ni mo rí i tí ọwọ́ olórí ẹ̀ṣọ́ ń fún èèkù idà. Mo gbé ìyókù ọ̀rọ̀ mi mì.

"Ẹ kú oòrùn, bàbá," mo ní. "Ẹ kú ìdúró."

Mo dákẹ́. Eṣinṣin bà lé ètè ẹ̀gbọ́n mi, kò lè lé e. Nígbà tó yá, ọwọ́ náà kúrò lórí idà, ó nu òógùn ojú.

"Hẹ̀n. Kí lo rí?"

"Ọkọ́ rẹ̀ ti sán lórùn, bàbá. Èmi ni mo bá a dì í mú nígbà tó ń fi àkísà so ó. Ìyẹn ló dá a dúró tó fi gba ọ̀nà àbùjá inú igbó."

"Àkísà wo?"

"Aró ni. Etí rẹ̀ kan funfun. Èmi ni mo rẹ ẹ́, n kò sì rì í bọnú aró tán."

Wọ́n wá ọkọ́ náà jáde láàárín ẹrù tí wọ́n gbà lọ́wọ́ èrò. Olórí wọn yí àkísà náà síwá, ó yí i sẹ́yìn. Ó rí etí funfun náà.

"Ẹ tú ọmọkùnrin náà sílẹ̀."

Lọ́jọ́ kejì, mo dáhùn gbogbo ìbéèrè òyìnbó náà. N kò rántí ọ̀kan nínú wọn mọ́. Èmi náà ti ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin níwèé báyìí. Bí wọ́n bá ka àkọ́sórí wọn tán, mo máa ń rán wọn níṣẹ́, mo sì máa ń bèèrè ohun tí ọwọ́ ń ṣe lọ́wọ́ wọn. Títí dòní, n kì í bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tí ọwọ́ ẹni tí mo fẹ́ bá sọ ọ́ bá ṣì le.

Bí a ṣe ń padà lọ sílé lọ́jọ́ náà, tí ẹ̀gbọ́n mi ṣáájú wa, tó fi ọwọ́ tí wọ́n tú gbé ọkọ́ kọ́ èjìká, mo bi Ìyá náà bóyá mo sọ ọ́ dáadáa.

"Kí lo tún ń bi mí sí?" wọ́n ní. "Wo ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ."