Aró Tí Kò Dé Odò

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Gangare nílùú Jos, kí n tó mọ ìwé kankan, ohun kan ni mo fẹ́ mọ̀: ibo ni gọ́tà wa ń lọ? Ó gba ẹ̀yìn ṣáláńgá gbogbo ilé kọjá, ó wọ abẹ́ ilẹ̀ nítòsí kànga wa, a kò sì rí i mọ́. Àbúrò mi obìnrin, tí inú rírun kì í jẹ́ kó sinmi lásìkò òjò, sọ pé Bukuru, ìlú kejì sí wa, ló ń lọ. Èmi ní odò ni.

Aláró ni ìyá mi. Ìkòkò kún ẹ̀yìnkùlé wa, àwọn tí aró wọn ti ṣá lọ́tọ̀, àwọn tó ṣì dára lọ́tọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tó lọ sí ọjà, mo da ìkòkò kan sínú gọ́tà. Mo rò pé èyí tó ti ṣá ni. Ẹ̀yin ọmọ mi, èyí tó dára jù lọ ni! Mo di àbúrò mi lọ́wọ́ mú, a sáré díẹ̀, a rìn díẹ̀, títí a fi dé etí odò. A dúró kí omi di búlúù. A dúró títí ẹsẹ̀ fi ń ro wá. Omi kò yí padà.

"Bùọ̀dá, ṣé mo sọ? Ó ti dé Bukuru!"

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Bí a ti ń wọlé padà ni a gbọ́ igbe ìyá arúgbó Hausa tí yàrá rẹ̀ kángun sí tiwa. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fa omi ni. "Kai! Shuni a rijiya!" Aró nínú kànga! Gbogbo ilé jáde. Omi inú korobá rẹ̀ rí bí aṣọ tí ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ pa láró.

Ìyá mi ti dé. Ó wo ìkòkò tó ṣófo, ó wò mí, ó gbé ọwọ́ sókè. Mo di ojú. Ìgbájú náà kò balẹ̀. Nígbà tí mo la ojú, kànga ló ń wò, lẹ́yìn náà àbúrò mi.

"Yéè! Gọ́tà la ti ń mu látọjọ́ yìí?"



Lọ́jọ́ náà ni wọ́n fi pákó bo kànga. A wá ń pọnmi nídìí ẹ̀rọ ní àdúgbò Jenta Adamu, inú àbúrò mi sì sinmi. Ìyá arúgbó náà sọ pé ọmọ tó ń wá ibi tí omi ń lọ, ilé ìwé ló yẹ kó wà. Bí mo ṣe wọ ilé ìwé nìyẹn, tí mo ga ju gbogbo kíláàsì lọ.

Lọ́dún yìí, wọ́n ri páìpù ńláńlá mọ́lẹ̀ ní àdúgbò wa. Omi ìdọ̀tí yóò máa gba inú rẹ̀ lọ síbi tí wọn yóò ti fọ̀ ọ́ mọ́ kó tó dé odò. Omi tó kúrò ní Jos kì í dúró ní Jos: àwọn tó ń gbin kábéèjì létí odò ń lò ó, ó sì ń ṣàn lọ títí dé òkun.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnjiníà wọn, ọmọbìnrin kan tí wọ́n bí síbí, fẹ́ da àwọ̀ pupa sínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mi, kó lè mọ̀ bóyá páìpù ń jò.

"Baba, ẹ lọ dúró létí odò. Tí ẹ bá rí pupa, ẹ pariwo. Wallahi, gbogbo ẹ̀ la máa tú."

"Tí mi ò bá rí nǹkan ńkọ́?"

"Ẹ jó, Baba!"

Èmi tí kì í lọ sí òde, èmi ni mo kọ́kọ́ débẹ̀. Mo dúró níbi tí èmi àti àbúrò mi dúró sí. Mo tẹjú mọ́ omi, mò ń bẹ̀ ẹ́: má pọ́n o, má pọ́n. Ẹnjiníà náà da àwọ̀ tán, ó wá bá mi. Omi ń ṣàn, kò yí padà. Lójijì fóònù rẹ̀ dún, àwọn tó wà níbi tí wọ́n ti ń fọ omi ni; ó gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn, ó fò sókè: "Ó ti dé ọ̀hún! Gbogbo ẹ̀ ló dé ọ̀hún!"

Mo jó. Ká ní ìyàwó mi wà láyé, kò ní gbà pé èmi ni.

Mo pe àbúrò mi, tó ti di ìyá àgbà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo kígbe pé, "Àwọ̀ náà kò dé odò!"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Bùọ̀dá, aró ta lẹ tún dà nù?"

Ayé ti yí padà. Nígbà yẹn, àfìgbà tí ọmọdé da aró ìyá rẹ̀ nù ká tó mọ ohun tí à ń mu. Nísinsìnyí, wọ́n ń wá ibi tí omi ń lọ kí ẹnikẹ́ni tó ṣàìsàn. Ẹ̀yin ọmọ mi, bí ọmọ yín bá bi yín léèrè ibi tí gọ́tà ń lọ, ẹ má ṣe nà án.